Owó ìrànwọ́ fún ààbò ìnàkí àti ọ̀bọ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn baálẹ̀, ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹgbẹ́ ọdẹ àti àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ń béèrè jù lọ bí ọ̀rọ̀ bá kan owó tí a fi ń ṣọ́ igbó. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó takókó.

Àwọn ẹranko wo gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Mẹ́ta ló jẹ wá lógún jù: ìnàkí, ọ̀bọ ọ̀fun funfun àti ọ̀bọ orí pupa. Igbó ọba Omo, ní ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, jẹ́ ilé fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ààbò ẹ̀dá, sì ti kọ wọ́n sára àwọn tí ìparun ń lé. Ọ̀bọ mónà tí ẹ sábà máa ń rí létí oko ń dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò tíì le tó bẹ́ẹ̀.

Nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń tọrọ owó, ẹ kọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń lò: Pan troglodytes ellioti fún ìnàkí, Cercopithecus erythrogaster fún ọ̀fun funfun, Cercocebus torquatus fún orí pupa. Orúkọ yìí ni àwọn tó ń fúnni lówó ń kọ́kọ́ wò. Ẹ má kọ ìnàkí sílẹ̀ bí ẹ kò bá rí ìtẹ́ rẹ̀ tàbí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ẹ kò sì gbọ́ igbe rẹ̀, láàárín ọdún kan sẹ́yìn. Wọn yóò béèrè ẹ̀rí.

Òfin ti wà. Kí la tún ń fi owó ṣe?

Òfin lórí òwò àwọn ẹ̀yà tí ìparun ń lé ti wà láti 1985, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. Ṣùgbọ́n òfin kì í fúnra rẹ̀ rìn nínú igbó. Ẹni tó máa rìn ní láti jẹun, kó wọ bàtà, kó sì fi nǹkan sílẹ̀ nílé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ń lọ.

Abo ìnàkí máa ń tó bí ọmọ ọdún 13 kó tó bí àkọ́bí, bí ọdún 5 tàbí 6 ló sì máa ń wà láàárín ọmọ kan sí èkejì. Èyí tí wọ́n bá pa lónìí, àlàfo rẹ̀ á pẹ́ kó tó dí. Owó tó kó ẹ̀ṣọ́ jọ fún ọdún kan péré, tó sì tú wọn ká, kò ṣe irú ẹranko bẹ́ẹ̀ lóore. Owó kékeré tó ń wọlé fún ọdún 5 tẹ́ wa lọ́rùn ju owó ńlá tó máa tán lóṣù 12 lọ.

Ta ló ni igbó náà, ọ̀dọ̀ ta la sì ti ń gba àṣẹ?

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń ṣàkóso igbó ọba Omo. Láti 1925 ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 130,500, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó àkànṣe àgbáyé ní 1977. Inú rẹ̀ ni àyè kékeré kan wà, hẹ́kítà 460, tí wọ́n dá sí pátápátá láti 1946. Àwọn ìletò tó wà nínú igbó náà, J4 àti àwọn abúlé àgbẹ̀ yòókù, kò lè fi ilẹ̀ náà tọrọ owó bí ẹni pé tiwọn ni. Ìwé ìfọwọ́sí láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí ìbéèrè owó máa parí, torí ìwé ìjọba máa ń pẹ́ lórí tábìlì.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí tàbí igbó òrìṣà lẹ́yìn odi igbó ọba, olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan ni yóò fọwọ́ sí i. Ìbuwọ́lù ẹnì kan ṣoṣo kò tó. Ẹjọ́ ilẹ̀ ti fọ́ ju iṣẹ́ kan lọ.

Ṣé ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí owó náà bá ti òkè òkun wá. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí kò wá èrè. Ẹ nílò alágbàtọ́ méjì ó kéré tán, ìwé òfin ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ ti yan àwọn alágbàtọ́ náà, àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì, pẹ̀lú ọjọ́ 28 fún ẹni tó bá ní àtakò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gba nọ́ńbà owó orí, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń mójú tó owó àìmọ́. Bánkì kì í ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láìrí ìwé SCUML, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń há.

Ọ̀nà kejì ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tó nílò ọmọ ẹgbẹ́ 10 ó kéré tán. Ó rọrùn fún àwọn àgbẹ̀ kòkó, ṣùgbọ́n àwọn àjọ kan kì í fún un lówó torí pé ó ń pín èrè.

Ẹ má gbàgbé ìjábọ̀ ọdọọdún sí CAC, láàárín 30 Oṣù Kẹfà sí 31 Oṣù Kejìlá. Ẹgbẹ́ tí kò bá fi í ránṣẹ́ máa ń rí àbùkù rẹ̀ lọ́jọ́ tí olówó bá lọ wo orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

A kò tíì forúkọ sílẹ̀, àǹfààní owó sì ti yọjú. Kí la lè ṣe?

Ẹ wá ẹgbẹ́ tó ti fìdí múlẹ̀ tí yóò gba owó náà dúró fún yín. Wọ́n sábà máa ń yọ 5% sí 15% fún iṣẹ́ ìṣirò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: iye tí wọ́n ń yọ, iye ọjọ́ tí owó lè lò lọ́wọ́ wọn, ẹni tó ni irinṣẹ́ tí ẹ bá rà, àti bí ẹ ó ṣe pín gaàrí bí ìjà bá dé. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àjọ tó fúnni lówó.

Níbo ni owó náà wà?

Fún ẹgbẹ́ abúlé, ẹ kọ́kọ́ wo ètò owó kéékèèké ti GEF (àpò owó àgbáyé fún àyíká), tí UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, ń bójú tó. Ó ti wà láyé láti 1992, ó dé Nàìjíríà ní 2009, fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ìdíwọ̀n rẹ̀ fi jẹ́ 50,000 dọ́là. Wọ́n ń béèrè ohun tí ẹ̀yin náà mú wá, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, ilé tí ẹ yọ̀ǹda tàbí àkókò àwọn àgbà. Ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀: òru tí ẹ fi ṣọ́nà, ọkọ̀ tí ẹ yá ara yín.

Àjọ Mohamed bin Zayed ń fúnni tó 25,000 dọ́là fún ẹ̀yà ẹranko kan pàtó. Rufford, ní Ìlú Ọba, ń bá ẹni kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ ní ipele-ipele, torí náà ó bá ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì mu: èyí tí ẹ bá parí dáadáa ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún èyí tó tóbi jù ú lọ. Owó ìnàkí ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí òfin 2000 dá sílẹ̀, kò kan ọ̀bọ rárá. Bí ọ̀bọ ọ̀fun funfun nìkan lẹ ní, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò níbẹ̀.

Ní 2025, USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, kógbá sílé, iṣẹ́ tó gbára lé e káàkiri ayé sì dúró lójijì. Ẹ má jẹ́ kí àpò kan ṣoṣo gbé ju ìdajì owó ọdún yín lọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó kí owó ìrànwọ́ tó jáde, gbájúẹ̀ ni. Kò sí àjọ gidi tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ni ọ̀wọ́ ẹ̀ṣọ́ kékeré ń ná lọ́dún?

Ẹ mú ẹ̀ṣọ́ 6, ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan máa wọ igbó lọ́jọ́ 10 lóṣù. Ìyẹn jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 60 lóṣù, 720 lọ́dún. Orí 720 yìí ni ẹ ó ti ṣírò owó iṣẹ́ àti oúnjẹ. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ti di 70,000 náírà láti Oṣù Keje 2024. Ẹ ṣírò owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kó má bàa rẹlẹ̀ jù ú lọ.

Irinṣẹ́ wọn fún ọdún kan: bàtà rọ́bà 12, nítorí bàtà kan kì í lò ju oṣù mẹ́fà lọ nínú ẹrẹ̀ yẹn, aṣọ òjò 6, iná orí 6, tapólì 2, fóònù alágbára tàbí GPS (ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ènìyàn wà hàn) 2, pẹ̀lú bátìrì àfipamọ́, àpótí oògùn 2 tó ní báńdéèjì gígùn fún ẹni tí ejò bá bù jẹ àti oògùn ibà. Ẹ ya owó ọ̀kadà pàjáwìrì àti owó ilé ìwòsàn sọ́tọ̀. A ti rí ètò ìnáwó tó ra dúróònù tí kò sì ní kọ́bọ̀ fún ilé ìwòsàn, èyí kò dára rárá.

Bí owó iṣẹ́ àti oúnjẹ kò bá tó ìdajì gbogbo owó náà, ẹ tún un wò. Ẹsẹ̀ tó ń rìn nínú igbó ló ń dáàbò bo ìnàkí.

Kámẹ́rà tí a ń so mọ́ igi ńkọ́?

Ó wúlò fún ìnàkí àti ọ̀bọ orí pupa, torí àwọn méjèèjì ń rìn nílẹ̀. Ọ̀bọ ọ̀fun funfun ń gbé lórí igi, kámẹ́rà tí ẹ bá so ní gíga orúnkún kò ní rí i. Tirẹ̀, ìrìn òwúrọ̀ ni: ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ rìn pẹ̀lẹ́ bíi kìlómítà kan ní wákàtí kan, kí ẹ máa dúró fetí sílẹ̀.

Kámẹ́rà 10 tó láti bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ ra káàdì méjì, bátìrì ìpààrọ̀ àti okùn irin alágádágodo. Ọ̀rinrin ló máa ń kọ́kọ́ pa á, torí náà ẹ fi ìdì kékeré tó ń fa omi sínú rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i. Erin náà máa ń fà á já ní Omo. Ẹ ka mẹ́ta nínú mẹ́wàá sí ohun tó lè bàjẹ́ tàbí kí wọ́n jí, kí ẹ sì fi owó ìpààrọ̀ sínú ètò ìnáwó.

Ṣé kí á san owó fún tàkúté kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀ṣọ́ bá kó wálé?

Rárá. Lọ́jọ́ tí tàkúté bá di owó, àwọn kan á máa dẹ ẹ́ kí wọ́n lè rí i kó. Ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ sanwó fún, kí ipa ọ̀nà inú GPS sì jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n rìn. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan kún un, ẹ fún gbogbo ọ̀wọ́ náà lápapọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Kí la lè ṣèlérí fún ẹni tó fún wa lówó?

Ẹ má ṣèlérí pé ìnàkí yóò pọ̀ sí i láàárín ọdún kan. Kò ṣeé ṣe, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò sì mọ̀ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣèlérí ohun tí ọwọ́ yín lè tẹ̀: kìlómítà tí ẹ rìn lóṣù, tàkúté tí ẹ bá pàdé ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ọta ìbọn tó ti yìn, ibùdó agégẹdú tí ẹ jábọ̀ fún ìjọba.

Iye tàkúté lápapọ̀ kò sọ nǹkan kan. Bí ẹ bá rin ìlọ́po méjì ọ̀nà, ẹ ó rí ìlọ́po méjì tàkúté, olówó á sì rò pé iṣẹ́ ń bàjẹ́. Ẹ pín in sí kìlómítà nígbà gbogbo. Ìtẹ́ ìnàkí náà bẹ́ẹ̀: àgbà ìnàkí ń tẹ́ ìtẹ́ tuntun ní alaalẹ́, ìtẹ́ àtijọ́ sì lè wà lórí igi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nítorí náà ìtẹ́ 30 kì í ṣe ìnàkí 30. Ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, kí ẹ sọ bóyá ewé rẹ̀ ṣì tutù, ó ti gbẹ, tàbí igi nìkan ló kù. Ẹ̀rọ SMART, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè gba gbogbo èyí sórí fóònù.

Owó wá ní dọ́là, ọjà sì ń yí padà. Báwo la ṣe ń ṣètò rẹ̀?

Ṣáájú Oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan wà ní bíi 460 náírà ní ìdíwọ̀n ìjọba. Nígbà tí 2024 fi parí, ó ti ju 1,500 lọ. Ẹni tó kọ owó ẹ̀ṣọ́ ní náírà lásán ní ọdún yẹn rí i bí ọ̀wọ́n gógó ṣe jẹ ẹ́.

Ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là. Ẹ kọ ìdíwọ̀n pàṣípààrọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ mú un sí orí ètò ìnáwó. Ẹ ṣẹ́ dọ́là ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ má ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi rìsíìtì bánkì pamọ́. Bí èrè bá wà lórí pàṣípààrọ̀, owó iṣẹ́ náà ló jẹ́, kì í ṣe ti akápò. Ẹ kọ̀wé béèrè kí ẹ tó lò ó.

Ìpín kejì owó náà pẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń padà sídìí ọdẹ. Kí la ṣe?

Nínú gbogbo ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, èyí ló burú jù. Ọ̀pọ̀ àjọ máa ń san owó ní ìpín méjì tàbí mẹ́ta, ìpín tó kẹ́yìn sì di ìgbà tí ìjábọ̀ bá wọlé. Ìjábọ̀ tó pẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè dá owó dúró fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀ṣọ́ tí kò gbowó lóṣù méjì, ebi kì í jẹ́ kó ronú ohun mìíràn, ó sì mọ ibi tí ìnàkí ń sùn ju ọdẹ kankan lọ.

Ẹ ní owó oṣù mẹ́ta nípamọ́ kí ẹ tó gba ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú ni kí ẹ ti kó o jọ: owó rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra), ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó. Bí owó ìrànwọ́ bá dé, ẹ dá ohun tí ẹ yá nínú rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí owó ìpamọ́ bá sì kù sí oṣù kan, ẹ dín ọjọ́ iṣẹ́ kù láti 10 sí 5, ẹ má jẹ gbèsè owó iṣẹ́.

Báwo ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àti àwọn ọmọ wa lókè òkun ṣe lè kópa?

Ẹ fún wọn ní ohun tó ní orí àti ìdí: bàtà àti aṣọ òjò ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà fún ọdún kan, tàbí oúnjẹ ọ̀wọ́ kan fún oṣù mẹ́ta. Ẹgbẹ́ tó lè rán aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún Ojúde Ọba lè bọ́ ọ̀wọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìlérí orí pápá kì í ṣe owó. Ẹ gba owó náà ṣáájú Iléyá, kí ẹ kéde ohun tó ti wọlé nìkan. Owó oṣooṣù láti bánkì, bó tilẹ̀ kéré, dára ju ẹ̀bùn ọdún kan lọ.

Ṣé ọ̀sìn ìgbín, oyin tàbí ọ̀yà lè mú ọdẹ kúrò nínú igbó?

Fún àwọn kan. Ìgbín ń gba bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tà dáadáa. Ọdẹ ń rí owó tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ kò bá fún un ní ohun tí yóò máa jẹ láàárín ìgbà náà, á sin ìgbín lọ́sàn-án, á sì yìnbọn lóru. Oyin dára létí oko kòkó, àfi bí wọ́n bá ń fọ́n oògùn kòkòrò nítòsí. Ọ̀yà nílò ilé, koríko àti ojú tó ń ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ jáwọ́ níbẹ̀.

Ẹ so ó mọ́ ìwé àdéhùn: ẹni tó gba ilé oyin ti gbà pé tàkúté wáyà tán lọ́wọ́ òun. Láìsí ìwé yìí, owó tuntun lè di owó ọta ìbọn.

Ṣé kòkó lè gbé owó ààbò?

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ṣe ní 2023 kò fẹ́ kòkó tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020, ó sì ní kí kòkó náà bá òfin orílẹ̀-èdè tó ti wá mu. Oníṣòwò máa béèrè ibi tí oko wà lórí GPS. Àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi igbó ọba, tí ilẹ̀ wọn mọ́, lè para pọ̀ ya oko wọn sórí máàpù, kí wọ́n sì bá olùrà dúnàádúrà àfikún owó lórí àpò kọ̀ọ̀kan, kí apá kan rẹ̀ máa lọ sí àpò ẹ̀ṣọ́. Kòkó inú igbó ọba kò lè gba ọ̀nà yìí. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ sínú ilé ìkókòkósí kan.

Ọ̀bọ ń jẹ kòkó àti àgbàdo wa. Ṣé owó ìrànwọ́ lè san án padà?

A kò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Owó gbà-má-bínú kì í tó, ó ń bí irọ́, lọ́jọ́ tó bá sì tán, ìbínú á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ lò ó fún àwọn olùṣọ́ oko ní oṣù tí kòkó àti àgbàdo bá ń gbó, kí ẹ sì gbin ohun tí ọ̀bọ kò fẹ́ràn, bí ata, sí etí igbó.

Àwa ní Rẹ́mọ kò ní igbó ńlá. Ṣé owó yìí kàn wá?

Ó kàn yín, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ìnàkí. Igbó etí odò, igbó orò àti igbó Agẹmọ tí àwọn baba yín dá sí lè jẹ́ ibi ìsádi fún ọ̀bọ mónà àti ẹyẹ. Owó kékeré fún igi gbígbìn àti pípààlà ló bá a mu. Ẹni tó bá fẹ́ wọ igbó awo láti ka ẹranko gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín, bóyá obìnrin ni tàbí ọkùnrin, kí ẹ sì sọ èyí fún olówó ṣáájú.

Wọ́n ń ta ọmọ ọ̀bọ lójú títì. Ṣé kí á fi owó wa rà á sílẹ̀?

Ẹ má rà á, bó ti wù kó dunni tó. Kí ọmọ kan tó dé ọwọ́ ẹni tó ń tà á, wọ́n ti pa ìyá rẹ̀. Owó tí ẹ bá san ni yóò ra ọta fún ìyá mìíràn. Ẹ pe iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó tàbí NCF (Nigerian Conservation Foundation), àjọ aládàáni tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, tó ń ṣiṣẹ́ ní Omo.

Ṣé àwọn arìnrìn-àjò tó wá wo ìnàkí lè gbé ìnáwó náà?

Kì í ṣe ní báyìí. Ìnàkí tí wọ́n ti ń dọdẹ fún ìran púpọ̀ ń sá bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì ń gbà kí ojú wọn tó mọ́ wa. Bí ojú wọn bá mọ́ ènìyàn, ojú wọn mọ́ ọdẹ náà. Ọ̀fìnkìn wa sì lè pa wọ́n. Ìrìn ẹyẹ àti ìtọ̀nà igbó lè mú owó díẹ̀ wá. Ẹ má fi gbé owó ẹ̀ṣọ́.

Àwọn kan mú ìwé owó kábọ́ọ̀nù (owó tí wọ́n ń san kí igbó lè dúró, kó máa fa èéfín tó ń mú ayé gbóná) wá, wọ́n ní kí á fọwọ́ sí i fún ọdún 30. Ṣé kí á ṣe é?

Ẹ má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà, àní bí wọ́n bá kó àpò owó sílẹ̀. Ẹ béèrè: ta ló ni ẹ̀tọ́ sí kábọ́ọ̀nù náà, ìdá mélòó ló ń wọ abúlé, kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá jó igbó, ṣé a ṣì lè ṣa ewé, kí á mú igi ìdáná? Bí igbó ọba ni, kò sí ẹbí tó lè tà á, ìwé náà kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láìsí ìjọba. Bí ilẹ̀ ẹbí ni, agbẹjọ́rò tí ẹ̀yin fúnra yín sanwó fún ni kó kà á, kì í ṣe èyí tí wọ́n mú wá.

Ẹni tó pa ìnàkí jẹ́ ọmọ ìdílé tó ń gba owó lọ́wọ́ wa. Kí la ṣe?

Ìdáhùn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé àdéhùn kí ọjọ́ náà tó dé, kí wọ́n sì ti kà á sókè ní Yorùbá níwájú gbogbo ìlú, títí kan àwọn àgbẹ̀ tó ti ibòmíràn wá dáko. Ẹni náà nìkan ni ẹ ó yọ. Ẹ má gba ilé oyin ìyàwó rẹ̀, ẹ má sì dá owó gbogbo abúlé dúró, torí ìjìyà tó bá kan gbogbo ènìyàn ń mú kí gbogbo ènìyàn bo ẹjọ́ náà mọ́lẹ̀.

Ẹ jábọ̀ fún ìjọba, kí ẹ sì sọ fún àjọ tó fúnni lówó láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ẹ ti ṣe. Ọ̀pọ̀ ń bò ó nítorí ẹ̀rù pé owó á dúró. Èyí tí olówó gbọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn ló ń dá owó dúró. Bó bá jẹ́ ọmọ baálẹ̀ tàbí ọmọ akápò ni, kí bàbá náà yẹ̀bá lórí ọ̀rọ̀ yẹn, kí ẹlòmíràn nínú àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé bánkì ẹgbẹ́ sì gba ipò rẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí.